Ẹ̀gẹ́ tiwa, epo ìjọba: bí àgbẹ̀ Òṣogbo ṣe lè rí ìpín tirẹ̀ nínú ètò epo ohun ọ̀gbìn

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa kì í parí kí ọ̀rọ̀ yìí má wáyé. Ẹnì kan á dìde, á ní òun gbọ́ pé ìjọba fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe epo ọkọ̀, pé àgbẹ̀ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ yóò gba owó. Ẹlòmíì á ní fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Òkè-Fìà. Àwọn ìyá tó ń yan gààrí á bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Èmi ni akọ̀wé, ojú mi ni gbogbo wọn á wá wò: "Akọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?"

Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti fi àbùmọ́ bò ó. Ìrànwọ́ tó wà nínú ètò yìí, ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ni ìjọba gbé e kà, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fẹ́ jẹ níbẹ̀, àfi kó gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọlé. Àwọn ilẹ̀kùn kékeré mìíràn sì wà tí ìjọba ti ṣí fún gbogbo àgbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kàn rí. Bí mo ṣe máa ń là á sílẹ̀ fún àwọn ará ẹgbẹ́ ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, ní ẹsẹẹsẹ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí ìwé ìjọba sọ

Ní ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ fún NNPC pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irè oko ṣe epo ọkọ̀. Ọdún 2007 ni ìlànà náà jáde ní ìwé. Ó ní kí á máa po ẹ̀tánọ́ọ̀lù (ọtí líle tí wọ́n ń fà jáde lára irè oko) mọ́ epo bẹntiróòlù: nínú lítà 100, kí 10 jẹ́ ẹ̀tánọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n ń pè ní E10. Ní ti dísẹ́ẹ̀lì, 20 nínú 100 ni yóò jẹ́ epo tí wọ́n fi òróró ohun ọ̀gbìn ṣe, wọ́n ń pè é ní B20. Wọ́n ní tó bá fi máa di ọdún 2020, gbogbo epo ohun ọ̀gbìn tí a bá ń lò nílẹ̀ yìí, nílẹ̀ yìí náà ni a ó ti máa ṣe é. Ọdún 2020 ti kọjá lọ. Ẹ lọ sí ilé-epo èyíkéyìí láti Ọlá-Ìyá dé Àbẹ́rẹ́, kí ẹ ní kí wọ́n ta E10 fún yín. Bí ọmọ tó ń fa epo bá mọ ohun tí ẹ ń bèèrè, ẹ pè mí kí n wá wò ó.

Ìrànwọ́ wo ló wá wà nínú ìwé náà? Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe epo ohun ọ̀gbìn kò ní san owó-orí fún ọdún 10 àkọ́kọ́. Bó bá ń kó ẹ̀rọ wọlé láti òkè òkun, kọ́sítọ́ọ̀mù kò ní gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn yóò kà á mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó jẹ mọ́ àgbẹ̀, kó lè rí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kò ga. Ẹ tún un kà. Ta ló ń san owó-orí ilé-iṣẹ́ nínú wa? Ta ló ní kọ̀ǹténà ní èbúté Àpápá? Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti ní kí àgbẹ̀ Ìlobù mú káàdì báǹkì rẹ̀ wá.

Èrò wọn ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá pọ̀, wọn yóò máa wá ẹ̀gẹ́ kiri, owó ẹ̀gẹ́ yóò sì gòkè. Kò burú láti rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Bràsíìlì, tí wọ́n ti wà lórí iṣẹ́ ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìrèké láti ọdún 1975. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ti dísẹ́ẹ̀lì ní ìparí ọdún 2004, òǹtẹ̀ kan ni wọ́n gbé kalẹ̀: ilé-iṣẹ́ tó bá ra ìwọ̀n kan nínú irè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kékeré ló ń gba òǹtẹ̀ náà, òǹtẹ̀ náà ló sì ń mú owó-orí rẹ̀ wálẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so ọrọ̀ ilé-iṣẹ́ mọ́ ti àgbẹ̀. Ìwé tiwa sọ pé kí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ epo so pọ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Okùn yẹn gan-an ni mi ò rí. Nítorí náà, okùn tí ìjọba kò so, ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ ni yóò so ó.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan irè tó ní ilẹ̀kùn méjì

Ẹ̀tánọ́ọ̀lù kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró rí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á sè é pẹ̀lú èròjà tí yóò sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà, wọ́n á fi yíìsì sí i kó kan, wọ́n á wá gbé e kaná kí ọtí inú rẹ̀ gba orí ọ̀pá jáde. Omi tó ṣì wà nínú ògógóró ni kò jẹ́ kó ṣe é dà sínú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ á máa fa omi náà jáde títí ìwọ̀n ọtí rẹ̀ yóò fi lé ní 99 nínú 100 kó tó lè bá epo bẹntiróòlù pò. Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ yín kankan má ṣe rò pé òun lè fi ti inú ìgò dán an wò lára jẹnẹrétọ̀.

Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan máa ń mú nǹkan bíi lítà 150 sí 180 ẹ̀tánọ́ọ̀lù jáde. Bí sítáàṣì inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ló ń sọ bóyá 150 ni tàbí 180. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i lọ́jọ́ ìkórè: sítáàṣì ni ilé-iṣẹ́ ń rà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀gẹ́ gbọ̀ǹgbọ̀ tó kún fún omi, ojú lásán ló ń tàn.

Ìdí tí mo fi ń ti ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn (pákí, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ ń pè é) ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá já yín kulẹ̀, gààrí kò ní já yín kulẹ̀. Fùfú wà, láfún wà, ọjà Ìgbọ̀nà wà, Ọjà Ọba wà. Ilẹ̀kùn méjì nìyẹn. Ìrèké dára, ìjọba sì ní ètò ńlá fún ṣúgà láti ọdún 2013 tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fẹ́ omi púpọ̀, oko ńláńlá tó ti ilé-iṣẹ́ ṣúgà ló sì bá mu. Ti ọ̀pẹ, ta ni yóò gbé epo pupa tí àwọn ìyàwó ilé ń dù lọ́jà lọ fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe dísẹ́ẹ̀lì?

Làpálàpá, igi tí wọ́n ń fi òróró èso rẹ̀ ṣe dísẹ́ẹ̀lì, ńkọ́? Bí nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kárí ayé ni wọ́n ti ń pariwo rẹ̀ pé kò fẹ́ omi, kò fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá, pé wúrà àgbẹ̀ ni. Àwọn tó gbìn ín sórí ilẹ̀ gbígbẹ rí i pé ó hù lóòótọ́, àmọ́ èso rẹ̀ kò tó nǹkan. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, èèyàn kì í jẹ ẹ́. Bí oníbàárà kò bá dé, ọgbà nìkan ló kù tí ẹ lè fi ṣe, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa sì ti fi í ṣe láti àtijọ́ nìyẹn. Ilẹ̀kùn kan péré ló ní. Ẹ fò ó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó gbé ọkọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀gẹ́ dìde ní ọdún 2002, gbogbo ènìyàn ló gbìn. Kò ju ọdún mélòó kan lọ tí ẹ̀gẹ́ fi kún ilẹ̀ tí kò rí ẹni rà á. Àwọn kan fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ títí ó fi le bí igi, nítorí owó tí wọn yóò fi wa á pọ̀ ju èyí tí wọn yóò tà á lọ.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́pọ̀ yanturu nílẹ̀ Yorùbá wà. Allied Atlantic Distilleries ní Ìgbẹ́sà, ìpínlẹ̀ Ògùn, ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe ẹ̀tánọ́ọ̀lù. Psaltry tó wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, lẹ́bàá Adó-Àwáyè, ń ṣe sítáàṣì àti àwọn nǹkan mìíràn láti inú rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: ẹ̀tánọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe nílẹ̀ wa lónìí, inú ìgò ọtí àti ilé-iṣẹ́ oògùn àti ìpara ló ń lọ jù, kò tíì dé inú táǹkì ọkọ̀. Kò pa àgbẹ̀ lára. Owó kò lórúkọ lójú. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá sọ fún yín pé "ilé-epo ló fẹ́ ra ẹ̀gẹ́ yín" kò tíì mọ ohun tó ń sọ.

Ìṣòro àwa ará Òṣogbo ni ọ̀nà. Láti ibí dé Ìsẹ́yìn tàbí Ìgbẹ́sà, ẹ̀gẹ́ tútù á gorí ọkọ̀ akẹ́rù, á sì máa jẹ owó lọ lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó yìí, ẹ fi ti ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣírò tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ilé-iṣẹ́ ń san ₦100,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní ẹnu géètì rẹ̀. Ọkọ̀ tó gbé tọ́ọ̀nù 10 gba ₦350,000: ₦35,000 ti lọ lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wa á tí wọ́n sì kó o sọ́kọ̀ gba ₦15,000 lórí tọ́ọ̀nù. Ó ku ₦50,000 sí yín lọ́wọ́. Bí ìyá onígààrí kan láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun bá wá bá yín lóko tó ní òun yóò san ₦60,000, tí òun náà ni yóò kó àwọn tó máa wa á wá, ìyá yẹn ti borí ilé-iṣẹ́. Kò sí ohun tí ìlànà ìjọba lè ṣe sí i.

Ìgbà wo ni ilé-iṣẹ́ wá ń borí? Nígbà tí gààrí bá pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ já wálẹ̀, tí ẹ̀yin sì ní àdéhùn tó ti dì owó yín mú. Tàbí tí ẹnì kan bá ní ẹ̀rọ nítòsí tó ń rin ẹ̀gẹ́, tó ń fún un, tó ń gbẹ ẹ́, kí ẹ lè gbé e lọ ní gbígbẹ. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ̀gẹ́ tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ, nítorí náà ọkọ̀ kan á gbé iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta. Bí ẹgbẹ́ yín bá máa ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo láyé, ẹ rà èyí. (Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, kòkó àwọn baba wa ló sì ń gbé lọ sí Èkó. Bí mo bá dé ìdí ilé ojú irin wa báyìí, ẹ̀gẹ́ ni mo máa ń fi ọkàn kó sórí rẹ̀.)

Ẹ lọ rí ilé-iṣẹ́ náà fúnra yín. Ẹ rán ẹni méjì. Kí wọ́n dúró ní ẹnu géètì fún odidi ọjọ́ kan, kí wọ́n ka iye ọkọ̀ tó tò sórí ìlà, kí wọ́n sì bi àwọn awakọ̀ léèrè ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Awakọ̀ kì í parọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ di ẹgbẹ́

Kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa bá àgbẹ̀ éékà méjì kọ ìwé. Ẹ kó ara yín jọ, ó kéré tán ènìyàn 10, nítorí iye yẹn ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fẹ́, kí ẹ sì lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Àbẹ́rẹ́. Ẹ ṣí àkáǹtì ẹgbẹ́ tí ènìyàn mẹ́ta yóò máa buwọ́ lù. Ẹ ní ìwé ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ní NIN àti BVN tí orúkọ inú wọn bára mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín, "Rásákì" nínú ọ̀kan àti "Abdulrazaq" nínú èkejì ti dá ẹ̀yáwó ènìyàn mẹ́rin dúró nínú ẹgbẹ́ wa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, ẹ parí rẹ̀ níbí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí tàbí ilẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ẹ gba ìwé tí olórí ẹbí buwọ́ lù níwájú ẹlẹ́rìí, kó sì sọ iye ọdún. Ọdún kan kò tó fún ẹ̀gẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ìwé àdéhùn

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi "ẹ fọkàn balẹ̀" rọ́pò ìwé. Àwọn ohun tí mo máa ń wò kí n tó gbé bírò nìyí.

Owó ni àkọ́kọ́. Bí ìwé bá ní "iye tí ọjà bá gbà lọ́jọ́ náà", ẹ kò tíì ní àdéhùn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ní iye tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, kó wá máa gòkè bí ọjà bá gòkè. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè ṣe é, ẹ bèèrè pé owó ọjà ibo ni wọn yóò máa fi wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Èkejì, ta ló ni ọkọ̀? Ta ló ni ẹ̀gẹ́ tó bá bàjẹ́ nígbà tí ọkọ̀ wà lórí ìlà ní ẹnu géètì wọn? Ẹ gbìyànjú kí wọ́n kọ ọ́ pé bí ọkọ̀ bá ti dé ní ọjọ́ tí wọ́n fún yín, tí wọn kò sì gbà á láàárín wákàtí 24, àdánù náà di tiwọn. Wọ́n á jà. Ẹ̀yin náà, ẹ jà.

Ẹ̀kẹta, òṣùwọ̀n. Kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n sítáàṣì hàn án.

Ẹ̀kẹrin, ọjọ́ wo ni owó ń wọlé? Ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é fara dà. Oṣù mẹ́ta kì í ṣe òwò, ẹ̀yáwó tí ẹ fún ilé-iṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin náà ní ojúṣe níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún yín ní igi ẹ̀gẹ́ àti ajílẹ̀ láwìn, tí gààrí wá gòkè, tí ẹ sì ta ẹ̀gẹ́ wọn fún onígààrí lóru, ẹ ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo àgbẹ̀ Òṣogbo. Ohun tí à ń ṣe ní ẹgbẹ́ wa ni pé a kì í fi gbogbo oko ṣe àdéhùn. Nínú éékà márùn-ún, mẹ́ta ti ilé-iṣẹ́, méjì ti gààrí. Ẹni tí owó gààrí bá ń wọ̀ lójú, éékà méjì yẹn ni kó fi tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Owó

Ní báyìí tí ẹ ti ní ẹgbẹ́ àti ìwé oníbàárà lọ́wọ́, ẹ lè lọ bá báǹkì. Kí ẹ tó lọ, ẹ mọ̀ pé ètò tí CBN bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, tí wọ́n fi ń yá àgbẹ̀ lówó nípasẹ̀ ẹni tó máa ra irè rẹ̀, ti dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2023 ni CBN kéde pé òun ń yọwọ́ nínú fífúnni ní irú owó bẹ́ẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá ní òun ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Òkè-Fìà, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ.

Èyí tó ti wà láti ọdún 1977 tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ètò onídùúró fún ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ACGSF. Kì í ṣe òun ló ń yáni lówó. Báǹkì ló ń yá yín, ètò náà á wá dúró fún yín: bí báǹkì bá ti ta ohun tí ẹ fi dúró, tí gbèsè ṣì kù, ètò náà á san 75 nínú 100 rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ sọ fún báǹkì, nínú ìwé tí ẹ bá fi tọrọ ẹ̀yáwó, pé abẹ́ ACGSF ni ẹ fẹ́ kó wà. Òṣìṣẹ́ báǹkì kan lè má rántí sọ ọ́ fún yín.

Àǹfààní kejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá san ẹ̀yáwó abẹ́ ètò yìí lásìkò lè béèrè fún ìdá 40 nínú 100 èlé tó san, kí wọ́n dá a padà fún un. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Ìrànwọ́ tí mo mọ̀ pé ó ń bọ́ sọ́wọ́ àgbẹ̀ gan-an nìyí, ẹni tó bá san gbèsè rẹ̀ lásìkò nìkan ló sì wà fún.

NIRSAL náà wà, tó ń ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó tó tóbi díẹ̀, òun sì fẹ́ràn kó rí ìwé oníbàárà yín kó tó dáhùn. Bank of Agriculture náà wà fún àwọn kékeré. Ẹ má yá ju ohun tí éékà yín lè san.

Ìgbésẹ̀ 7: Gbígbìn

Ẹ̀yin lẹ mọ èyí jù mí lọ, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Igi ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ kíyè sí. TME 419 ló gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́: ó ga gbọọrọ, kì í ya ẹ̀ka púpọ̀, ara rẹ̀ sì gbẹ. TMS 30572 ti pẹ́, ó ṣì dára. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí àjọ irúgbìn ìjọba, NASC, mọ̀, tàbí kí ẹ bèèrè lọ́dọ̀ IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wọn kò jìnnà sí wa. Igi tí ewé rẹ̀ ti ká kò, tó sì ní àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè, àrùn ni. Ẹ má gbìn ín nítorí pé aládùúgbò fi tọrẹ.

Mítà kan sí mítà kan máa ń gba ègé igi 10,000 lórí hẹ́kítà. Bí ẹ bá fún un díẹ̀, mítà kan sí 0.8, ó di 12,500. Nǹkan bí ìdì 60, tí igi 50 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí igi náà gùn tó mítà kan, ló ń tó hẹ́kítà kan. Ẹ gé e ní ìwọ̀n 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà. Kí koríko má ṣe bá a jà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sùn ní oṣù mẹ́ta yìí, kò sí oògùn koríko tó lè bá a rí àdánù náà gbà padà.

Ẹ má gbìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dá díẹ̀ sí òjò oṣù Kẹrin, díẹ̀ sí òjò tó ń padà lẹ́yìn ọ̀dá oṣù Kẹjọ, kí ìkórè lè máa tẹ̀ lé ara wọn.

Ìgbésẹ̀ 8: Adójútòfò

NAIC ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ètò tó ń bójú tó sì ti wà láti ọdún 1987. Nínú owó tí ó yẹ kí àgbẹ̀ san fún irè tó wà lábẹ́ ètò ìrànwọ́ wọn, ìdajì péré ni tiyín. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san 37.5 nínú 100, ìjọba ìpínlẹ̀ ń san 12.5. Ẹ wo bó ṣe rí: ìrànwọ́ ìjọba tó dájú wà níbí ní ìdajì owó, a ò kà á sí, à ń sáré tẹ̀ lé ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Ẹ bèèrè kedere ohun tí ìwé yín bò: iná ńkọ́, àgbàrá ńkọ́, kòkòrò ńkọ́, màálù tó bá wọ oko ńkọ́? Bí wọ́n bá ní ó bò ó, kí wọ́n fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ ya fọ́tò oko yín lóṣooṣù. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ pè wọ́n, kí ẹ má sì tún oko náà ro kí ẹni tó ń wá yẹ̀ ẹ́ wò tó dé.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ ìkórè

Ẹ̀gẹ́ tí a ti wa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà dúdú. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ọdún àkọ́kọ́ tí a bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe, a wa ọkọ̀ méjì ní ọjọ́ Ẹtì nítorí pé ọjọ́ yẹn ni a rí àwọn òṣìṣẹ́. Ọkọ̀ dé ẹnu géètì ní Sátidé. Wọn kò gba ẹrù ní Sọ́ńdè. Ọjọ́ Ajé, ìlà gùn. Ìgbà tí wọ́n máa gé ẹ̀gẹ́ wa sí méjì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti rí bí ẹni fi yíǹkì kọ ọ́. Wọ́n gé owó wa títí ó fi ku díẹ̀ kí á san owó ọkọ̀ láti àpò ara wa. Bàbá alága wa kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọn kò sì jẹ̀bi: èmi ni mo yan ọjọ́ Ẹtì.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ Ajé la máa ń wa ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn tí a bá ti pe ilé-iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí a sì ti gba nọ́ńbà lórí ìlà.

Ohun kejì tí a kọ́ ni ọ̀rọ̀ sítáàṣì. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé tuntun, sítáàṣì inú iṣu rẹ̀ ló ń fi ṣe ewé náà. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ rọ̀ fún wíwa ẹ̀gẹ́, ìgbà yẹn náà ni sítáàṣì ń lọ sílẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, sítáàṣì kún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ le bí àpáta, iye tí àwọn tó ń wa á yóò gbà á sì fò sókè. Kò sí èyí tó dùn tán. Àwa máa ń wa ti ilé-iṣẹ́ kí òjò tó dé, a máa ń fi ti gààrí sílẹ̀ de òjò.

Ẹ lè dán sítáàṣì wò fúnra yín lóko. Ẹ wọn ẹ̀gẹ́ kílò márùn-ún tí ẹ ti fọ yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ẹ wá so ó kọ́ òṣùwọ̀n tó ní ìkọ́, ẹ rì í sínú omi bámúbámú láì jẹ́ kó kan ìdí garawa, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ̀n inú omi náà bá ṣe wúwo sí i, bẹ́ẹ̀ ni sítáàṣì ṣe pọ̀ tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ gan-an ń lo irú ọgbọ́n yìí. Ẹ kọ iye tí ẹ rí sílẹ̀, kí aṣojú yín mú un lọ́wọ́ lọ sí ẹnu géètì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá èèyàn sọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀ bí wọ́n bá rí i pé ó ti wọn tirẹ̀ nílé.

Ohun tó kù lóko lẹ́yìn ìkórè

Ẹ má ṣe sun igi ẹ̀gẹ́. Oko hẹ́kítà kan tó dára máa ń fúnni ní igi tó lè gbin hẹ́kítà bíi mẹ́wàá, ẹni tó bá ní TME 419 tí kò ní àrùn sì ń rí oníbàárà láti Ìkìrun títí dé Èjìgbò. Ẹ dì í ní 50, 50, ẹ nà án ró sábẹ́ igi níbi tí òòrùn kò ti ní pa á, kí ẹ sì tà á láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọdún tó kọjá, nígbà tí ilé-iṣẹ́ ṣì ń ní kí á ní sùúrù lórí owó ẹ̀gẹ́, owó igi ni a fi san àwọn tó ro oko.